Ta ni ṣójà inú fótò yìí? Ẹ bá wa fojú sí i

ỌmọÌkìrun

Ẹ kú ilé o ẹ̀yin ará. Ojú yín ni mo nílò. Òjò ṣí páànù ilé àgbà wa ní Ìkìrun lóṣù tó kọjá, àwọn ará ilé wá ń kó ẹrù ìyá bàbá mi kúrò kó má baà tutù, ibẹ̀ ni wọ́n ti rí fótò kan nísàlẹ̀ àpótí onígi, wọ́n fi àkísà òfì wé e pẹ̀lú rìsíìtì owó orí mélòó kan. Ṣójà kan ló wà nínú ẹ̀. Ó dé fìlà etí fífẹ̀ tí wọ́n ká ẹ̀gbẹ́ kan sókè, ó gbọ́wọ́ lé ẹ̀yìn àga, aṣọ tí wọ́n ya òpó àti òdòdó sí ló wà lẹ́yìn ẹ̀. Kò rẹ́rìn-ín rárá.

Ìbàdàn ni mo wà, àbúrò mi tó wà nílé ló yà á ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo sì ti jù ú sí gúrúùpù ẹbí pé ẹ wá wo bàbá àgbà nígbà tí wọ́n ṣì wà lọ́dọ̀ọ́. Bàbá àgbà jagun Hítílà lóòótọ́, Abisíníà (Ethiopia òde òní) ni wọ́n lọ, wọ́n dé, wọ́n ṣiṣẹ́ rélùwéè, wọ́n kú ní 1979 kí wọ́n tó bí mi. Gbogbo èèyàn ló dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, bàbá ni, ẹ wo ojú. Wọ́n tiẹ̀ ní ẹ wo àpá tó wà lókè ojú òsì, bàbá ní in lóòótọ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò gbà, ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó wà ní London, wọ́n ní bàbá ò ga tó báyìí láyé wọn. Mo fẹ́ mọ̀ dájú kí n tó lọ fi ṣe férémù ńlá fún ìrántí tí a fẹ́ ṣe lóṣù Kejìlá. Báwo lẹ ṣe máa ń mọ irú nǹkan báyìí?

Jẹ́jẹ́Layé

Ṣé kì í ṣe ogun Bìáfíra ni? Bàbá tèmi náà ní fótò ṣójà tí wọ́n gbọ́wọ́ lé àga.

TíṣàÀgbà

Rárá o, fìlà yẹn ti sọ̀rọ̀. Irú ẹ̀ ni wọ́n dé fún àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lọ sí Íńdíà àti Bọ́mà láti 1943 lọ. Àwọn ọmọ ogun tí òyìnbó kó jọ ní Nàìjíríà, Gold Coast (Ghana òde òní), Sierra Leone àti Gambia, RWAFF ni wọ́n ń pè wọ́n, ọ̀nà méjì ni wọ́n pín wọn sí fún ogun Bọ́mà, 81st Division àti 82nd Division, 1943 náà ni wọ́n dá méjèèjì sílẹ̀. Kó tó dìgbà yẹn, fìlà pupa gígùn bíi ti àwọn Túrúkì ni wọ́n máa ń dé, ẹlòmíì ò sì wọ bàtà, ẹsẹ̀ lásán ló fi ń rìn. Tẹ́ ẹ bá rí fìlà pupa yẹn pẹ̀lú ẹsẹ̀ lásán (nínú fótò àtijọ́ á dà bíi dúdú o, pupa kì í hàn), kí ọkàn yín kọ́kọ́ lọ sí ogun Kamẹrúùnù ti 1914 sí 1916 àbí àwọn tí wọ́n kó lọ sí East Africa lẹ́yìn ẹ̀. Ó sì lè jẹ́ ọlọ́pàá lásán, torí ọlọ́pàá náà dé e.

Ohun kan ṣá dùn mí nínú ọ̀rọ̀ yín. Ẹ ti sọ fún gbogbo gúrúùpù pé bàbá àgbà ni kí wọ́n tó wò ó. Ẹlẹ́rìí tẹ́ ẹ ti fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu, kí lẹ tún fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ̀? Ṣé àgbàlagbà kan ò ṣẹ́ kù nílé yín tí kò tíì rí i? Tó bá wà, ẹ má tíì fi hàn án, ẹ má sì sọ nǹkan kan létí ẹ̀.

Kẹ́ ẹ tó dárúkọ ẹnikẹ́ni, ẹ yẹ ara ọkùnrin náà wò. Kí ló wà léjìká ẹ̀, kí ló wà lápá, kí ló wà lókè àpò àyà, kí ni wọ́n kọ sẹ́yìn fótò. Àwọn rìsíìtì yẹn náà ńkọ́, ẹ ti kà wọ́n?

FótòBáyọ̀

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má lọ láménétì ẹ̀ o!! Mo mọ̀ yín. Ooru ẹ̀rọ yẹn á jó o, kò sì ṣeé yọ mọ́ láéláé. Ẹ má fi sẹ́lótéèpù kankan kàn án, ẹ má fi omi nù ún, sanitizer kó má tiẹ̀ súnmọ́ ọn. Kí ẹni tó máa yà á gbé e sẹ́nu ọ̀nà níbi tí ìmọ́lẹ̀ wà tí oòrùn ò ti ràn án, kó pa fíláàṣì, kó jẹ́ kí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn, kó ya ẹ̀yìn náà. Tẹ́ ẹ bá rí sísíkánà, 600 dpi ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n fi ṣe é, má gbà kí wọ́n fi 200 tí wọ́n fi ń ṣe sátífíkéètì ṣe é fún yín.

Pẹ́ńsùlù tó ti parẹ́ lẹ́yìn fótò, ojú ihò ẹ̀ ṣì máa ń wà níbẹ̀. Ẹ wọ yàrá tó ṣókùnkùn, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, kí iná fẹ́rẹ̀ẹ́ máa rá lórí ìwé, ẹ máa yí i díẹ̀díẹ̀. Ẹ máa rí nǹkan.

Kòlà_Tẹ́ẹ̀kì

Gbogbo wàhálà yìí kó lẹ ń ṣe lórí kí ni? App wà tó máa fi kọ́lọ̀ sí i láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú á mọ́ kedere bí ẹni pé àná ni wọ́n yà á.

FótòBáyọ̀

Ojú ta? Ibi tí app yẹn ò bá ríran, ojú ẹlòmíì ló máa fi dí i. Mo fi ti ìyá mi sí i lọ́dún tó kọjá, ó pa pélé wọn rẹ́ pátápátá, ó rò pé àbàwọ́n ni, ó wá fún wọn ní eyín funfun báláú. Ìyá mi ò leyín iwájú.

BàbáTélọ̀

Ogójì ọdún rèé tí mo ti ń ránṣọ, ojú mi kì í kúrò lára bọ́tìnnì. Ẹ wo àyà ọkùnrin yìí dáadáa. Ṣẹ́ẹ̀tì ọkùnrin, apá òsì ẹni tó wọ̀ ọ́ ló máa ń gun orí apá ọ̀tún, bọ́tìnnì á wà lápá ọ̀tún. Nínú fótò yín, ọ̀tún ló gun òsì, bíi búláòsì obìnrin. Òyìnbó ò rán búláòsì fún ṣójà. Fótò yín ti yí po, ohun tẹ́ ẹ ń pè ní òsì, ọ̀tún ni.

Jẹ́jẹ́Layé

Haaa, Bàbá Télọ̀!

ỌmọÌkìrun

Nígbà tí mo ka ọ̀rọ̀ Bàbá Télọ̀, ọkàn mi já. Mo pe àbúrò mi lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ó ní kámẹ́rà ẹ̀yìn fóònù òun ti fọ́ látìgbà tó ti bọ́ sínú gọ́tà, kámẹ́rà iwájú tí wọ́n fi ń ya sẹ́lífì lòun fi yà á, tìyẹn sì máa ń yí nǹkan padà bíi dígí. Mo bú u títí, mo tún ń rẹ́rìn-ín. Ó ti lọ yá fóònù ọ̀rẹ́ ẹ̀, ó tún un yà, ó ya ẹ̀yìn náà, mo ti gbé méjèèjì síbí.

Ẹ ò rí i pé ojú ọ̀tún ni àpá wà. Ojú òsì ni ti bàbá àgbà, gbogbo ilé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì hàn nínú fótò tí wọ́n yà ní 1962 tó wà lára ògiri. Àbí ìyẹn náà ti yí po ni? Mi ò mọ ohun tí mo tún lè gbà gbọ́ mọ́ báyìí.

BàbáTélọ̀

Ẹ wo ohun tó bá ní lẹ́tà nínú ti 1962 yẹn. Ṣọ́ọ̀bù, kàlẹ́ńdà, ohunkóhun.

ỌmọÌkìrun

Abẹ́ kàlẹ́ńdà ni wọ́n jókòó sí, ó kà dáadáa. Ó tì, kò yí po. Òsì ni.

Ó dáa, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rí nínú fótò tuntun. Lápá rẹ̀ lókè, wọ́n rán nǹkan kan mọ́ ọn, ó funfun díẹ̀, àmì dúdú wà nínú ẹ̀ bíi X tó gba inú òrùka kọjá. Nísàlẹ̀ ìyẹn, àmì bíi V kan ṣoṣo. Kò sí nǹkan kan lókè àpò àyà, ó mọ́ lóló. Lẹ́yìn fótò, òǹtẹ̀ aláwọ̀ aró ló wà níbẹ̀ tó ti pa rẹ́ lápá kan, mo rí STUDIO, mo sì rí MADRAS. Pẹ́ńsùlù kọ NA, ó wá kọ nọ́ńbà tí mi ò lè kà tán.

Akéwejẹ̀

NA kẹ̀, Native Authority nìyẹn, ìjọba ìbílẹ̀ ayé òyìnbó. Ọlọ́pàá NA ni ọkùnrin yìí, àkódà ni. Ẹ ti ń wá a lójú ogun, ààfin ọba ló ti ṣiṣẹ́ tiẹ̀ lóòójọ́.

TíṣàÀgbà

Kí ni àkódà ọba ń wá dé Madras ní Íńdíà, Akéwejẹ̀? Nọ́ńbà ogun nìyẹn. Gbogbo ọmọ ogun tí wọ́n bá kọ sílẹ̀ ní Nàìjíríà ni wọ́n máa ń fi NA síwájú nọ́ńbà ẹ̀, ti Gold Coast á jẹ́ GC. Nọ́ńbà yẹn ṣe pàtàkì ju ojú lọ, torí èèyàn mẹ́ta lè jọra, àwọn mẹ́ta ò lè jẹ́ nọ́ńbà kan. Ẹ wá a jáde.

V kan, lánsì kọ́púrà nìyẹn. Méjì ni kọ́púrà, mẹ́ta ni sájẹ́ǹtì. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra o, tẹ́ ẹ bá rí V tó dojú dé nísàlẹ̀ apá òsì nítòsí ọrùn ọwọ́, kì í ṣe ipò, ọdún tó ti lò láìṣẹ̀ ni wọ́n fi ń yìn ín. Tí ẹnikẹ́ni bá sì fi fótò ọmọ Nàìjíríà tó ní ìràwọ̀ ọ́físà léjìká hàn yín pé ogun Hítílà ni, ẹ béèrè dáadáa, 1948 ni wọ́n tó fún ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́, Victor Ugboma. Seth Anthony tó gbà á ṣáájú, ọmọ Gold Coast ni.

X inú òrùka yẹn, ẹ jẹ́ kí n ronú.

ÌyáAláàárù

Òrùka kọ́, òṣùká ni. Ṣé ẹ̀yin ọkùnrin ò gbé ẹrù rí ni.

TíṣàÀgbà

Ìyá, mo dọ̀bálẹ̀. Òṣùká ni! Ọ̀kọ̀ méjì tó kọjá ara wọn nínú òṣùká aláàárù, àmì 82nd Division gan-an nìyẹn, dúdú lórí yẹ́lò. Ti 81st, aláǹtakùn dúdú ni, Ananse tí àwọn Akan ń pa àlọ́ ẹ̀ bí àwa ṣe ń pa ti Ìjàpá. Wọ́n máa ń rán aláǹtakùn yẹn kí orí ẹ̀ dojú kọ ilẹ̀, kó lè jẹ́ pé tí ṣójà bá na ìbọn síwájú, aláǹtakùn á máa rìn lọ síbi tí ọ̀tá wà.

Òṣùká yẹn kì í ṣe eré. Igbó àti òkè tí wọ́n gbà lọ ní Arakan ní Bọ́mà, ọkọ̀ ò lè wọ̀ ọ́. Ẹ̀rọ òfurufú ló ń ju oúnjẹ àti ọta sílẹ̀ fún wọn, orí ni wọ́n sì fi ń rù ú lọ. Ogunlọ́gọ̀ àwọn ọmọ wa ló wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé ẹrù ni iṣẹ́ wọn, wọn ò fún wọn níbọn pàápàá.

ÌyáAláàárù

Ṣé ẹ rí i. Bódìjà níbí, mo ti fi òṣùká kọ́ ọmọ mẹ́rin, mi ò mọ̀ pé òyìnbó ti sọ ọ́ di báàjì.

ỌmọÌkìrun

Ẹ ṣé gan-an mà. Ṣé ohun tí a ń sọ ni pé kì í ṣe bàbá àgbà, torí Abisíníà ni wọ́n lọ, kì í ṣe Bọ́mà?

TíṣàÀgbà

Ẹ má sáré. Àwọn tó lọ sí Abisíníà, 23rd Nigerian Brigade ni, bàtálíọ̀nù kìíní, ìkejì àti ìkẹta. Àwọn ló wọ Mogadishu ní oṣù Kejì 1941, wọ́n jà ní Marda Pass, wọ́n wọ Harar lóṣù tó tẹ̀ lé e. Wọ́n padà sílé, bàtálíọ̀nù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yẹn kan náà ni wọ́n tún kó sínú 82nd lọ sí Bọ́mà. Ẹni tó bá lọ sí Abisíníà lè wọ òṣùká náà. Ṣé bàbá ò lọ lẹ́ẹ̀kejì?

ỌmọÌkìrun

Wọn ò lọ. Ohun tí bàbá mi sọ ni pé ibà gbé wọn dè dáadáa nígbà tí wọ́n ti Abisíníà dé, wọ́n sì dá wọn dúró nílé, rélùwéè ni wọ́n bọ́ sí.

Àmẹ́dàlì

Tó bá tiẹ̀ tún lọ, mo retí kí nǹkan kan wà láyà ẹ̀. 1943 ni wọ́n gbé mẹ́dàlì Africa Star jáde, ẹni tó jà ní Abisíníà lẹ́tọ̀ọ́ sí i, ríbọ́ọ̀nù kékeré ẹ̀ á wà lókè àpò òsì. Fótò tí wọ́n yà ní Madras, kò lè ṣáájú 1944 fún ẹni tó wọ báàjì 82nd. Àyà tó mọ́ lóló, ó jọ ẹni tí kò tíì jagun kankan tẹ́lẹ̀. Mi ò ní búra o, nǹkan ìjọba máa ń pẹ́ kó tó délẹ̀, ẹlòmíì gba ríbọ́ọ̀nù tiẹ̀ lẹ́yìn ogun. Burma Star ní tiẹ̀, 1945 ló jáde, tẹ́ ẹ bá rí ìyẹn láyà ẹnì kan ẹ mọ̀ pé ogun ti ń parí lọ nígbà tí wọ́n yà á.

Tí mẹ́dàlì bá wà nínú àpótí yẹn, ẹ má retí orúkọ lára ẹ̀. Ti ogun kìíní ni wọ́n máa ń gbẹ́ nọ́ńbà àti orúkọ sí etí ẹ̀ yípo, Star ti ogun kejì tí wọ́n fún àwọn tiwa, lásán ni, ó lè jẹ́ tẹnikẹ́ni.

AráKétu

Ẹ kú ìjíròrò o, láti Kétu ní Benin níbí. Tí èèyàn yín bá jẹ́ ti apá ọ̀dọ̀ wa, Faransé ló máa kó o, tirailleurs ni wọ́n ń pè wọ́n, fìlà pupa wọn ò ní etí rárá. Sáìtì ìjọba Faransé kan wà, Mémoire des hommes, orúkọ àwọn tó kú fún wọn wà níbẹ̀, ọ̀fẹ́ ni. Mo rí ẹ̀gbọ́n bàbá ìyá mi níbẹ̀, wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ bí ẹni pé wọ́n ń há ẹ̀pà jẹ.

Ẹ̀gbọ́nKent

Mo ti wá bàbá ìyàwó mi báyìí rí, ọdún méjì ló gbà mí, ẹ jẹ́ kí n dín in kù fún yín. Fáìlì ṣójà kọ̀ọ̀kan tiwa, mo lọ sí Kew ní London, ibi tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ń kó ìwé àtijọ́ sí, mi ò bá a níbẹ̀. Ohun tó wà níbẹ̀ ni ìwé tí bàtálíọ̀nù ń kọ lójoojúmọ́, WO 172 ni wọ́n kó ti Bọ́mà sí, ó máa sọ ibi tí wọ́n sùn, odò tí wọ́n là kọjá, òjò tó pa wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn ọ́físà òyìnbó ni wọ́n ń dárúkọ, tiwa á di iye, pé ọmọ Áfíríkà méjì kú, mẹ́rin fara gbọgbẹ́. Ó bí mi nínú, mo jókòó síbẹ̀ mo ń mi orí. Imperial War Museum ní fótò rẹpẹtẹ lórí sáìtì wọn, nọ́ńbà ti apá Bọ́mà máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú SE, ẹ fi yunifọ́ọ̀mù tiyín wé e.

Tó bá jẹ́ ẹni tí kò padà wálé ni ẹ ń wá, CWGC ni kẹ́ ẹ lọ, àjọ tó ń tọ́jú sàréè àwọn ọmọ ogun Commonwealth. Ọ̀fẹ́ ni, àyè wà fún nọ́ńbà ogun níbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ fi orúkọ wá a, ẹ má kọ sọ́nẹ̀mù ilé yín. Nígbà tí wọ́n ń gbà wọ́n síṣẹ́, akọ̀wé á ní kí lorúkọ ẹ, á sọ ọ́, níbo lo ti wá, á dárúkọ ìlú, wọ́n á so méjèèjì pọ̀, ó parí. Ìyẹn lẹ fi máa rí àwọn tó ń jẹ́ Ibadan, Ilorin, Oyo, Kano ní sọ́nẹ̀mù bẹẹrẹbẹ. Ẹ kọ Ikirun, ẹ má fi àmì kankan sí i. Orúkọ àkọ́kọ́, ẹ gbìyànjú gbogbo bí etí òyìnbó ṣe lè gbọ́ ọ.

Ìbéèrè kan. Ṣé ẹnì kan lọ nílé yín tí kò dé?

ỌmọÌkìrun

Mi ò gbọ́ ọ rí. Ṣùgbọ́n mo pe ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní London, wọ́n dákẹ́ lórí fóònù fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní bàbá àgbà ní àbúrò ọkùnrin kan, wọn kì í sọ̀rọ̀ ẹ̀ nílé, kí n lọ bi Ìyá Òkè. Ìyá Òkè ni àbíkẹ́yìn wọn, wọ́n ti lé ní àádọ́rùn-ún, wọn ò lo fóònù kankan, nítorí náà wọn ò tíì rí fótò yìí. Mo ń lọ sí Ìkìrun lọ́jọ́ Sátidé.

TíṣàÀgbà

Ẹ kó fótò márùn-ún mẹ́fà lọ, ẹ fi tiyín sáàárín. Ẹ má nawọ́ sí ọ̀kankan. Ẹ kàn ní ẹ bá wa wo àwọn èèyàn yìí mà, kẹ́ ẹ wá dákẹ́. Kí ẹnì kan fi fóònù gba ohùn wọn.

ỌmọÌkìrun

Ẹ̀yin ará, mo ti dé.

Mo ṣe bí Tíṣà ṣe wí. Fótò mẹ́fà, mo tẹ́ ẹ sórí ẹní níwájú wọn nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ìyá mú ti ìgbéyàwó bàbá mi, wọ́n dárúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀, wọ́n bú ẹnì kan nínú wọn. Wọ́n mú tòun bàbá àgbà ti 1962. Wọ́n wá dé orí ṣójà yìí, wọn ò mú un. Wọ́n fi ìka kan ṣoṣo bo fìlà ẹ̀, wọ́n ń wo ojú tó kù. Wọ́n wá pe oríkì kan. Kò sẹ́ni tó ń jẹ́ oríkì yẹn nílé wa, mi ò gbọ́ ọ rí látọjọ́ tí mo ti dáyé. Wọ́n ní "ta ló lọ gbé e jáde?"

Mo bi wọ́n léèrè àpá ojú. Wọ́n ní orí igi àgbálùmọ̀ ló ti já, àwọn ló ń ká a fún, wọ́n gbé agbọ̀n dání nísàlẹ̀. Ojú wo? Wọ́n fọwọ́ kan ojú ọ̀tún ara wọn. Mi ò sọ nǹkan kan fún wọn tẹ́lẹ̀ o, mo fi Ọlọ́run búra.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án àbí mẹ́wàá ni wọ́n wà nígbà tí bàbá kékeré lọ. Rélùwéè ló gbé wọn, wọ́n ní obìnrin pọ̀ ní téṣàn lọ́jọ́ náà bí ọjọ́ ọjà. Fótò yìí dé láti Íńdíà nínú àpò ìwé. Lẹ́yìn ìyẹn lẹ́tà kan dé tí akọ̀wé kan kà fún wọn, ó ní wọn ò rí i. Wọn ò sọ pé ó kú, wọ́n ní wọn ò rí i.

Lálẹ́ mo ti fèrèsé, mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ bí FótòBáyọ̀ ṣe ní kí n ṣe. Nọ́ńbà náà yọ. Mo fi sí sáìtì CWGC. Ẹnì kan ṣoṣo ló gbé jáde. Lánsì kọ́púrà, bàtálíọ̀nù kẹwàá Nigeria Regiment, oṣù Kẹta 1945. Orúkọ bàbá kékeré ni wọ́n kọ, wọ́n ṣi lẹ́tà méjì kọ nínú ẹ̀, wọ́n wá fi Ikirun ṣe sọ́nẹ̀mù wọn. Mi ò ní kọ ọ́ síbí nítorí ẹbí. Wọ́n ní orúkọ wọn wà lára Rangoon Memorial.

Ẹ̀gbọ́nKent

Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere. Taukkyan ni ìyẹn, lẹ́yìn Yangon tí wọ́n ń pè ní Rangoon nígbà náà, orúkọ tó tó ẹgbẹ̀rún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ló wà níbẹ̀, gbogbo àwọn tí wọn ò mọ ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Sáìtì yẹn máa sọ ojú òpó tí wọ́n gbẹ́ tiwọn sí, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.

TíṣàÀgbà

Bàtálíọ̀nù kẹwàá, ti 4th Brigade ni, òun, ìkarùn-ún àti ìkẹsàn-án. Ó yàtọ̀ pátápátá sí ti àwọn Abisíníà. Ìparí àríyànjiyàn nìyẹn fún èmi. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 1945 yẹn, ọ̀nà ìlú An ní Bọ́mà ni apá kan 82nd ti ń jà, ibi kan tí wọ́n ń pè ní Letmauk.

ỌmọÌkìrun

Letmauk bíi ti Letmauk Barracks Mókọ́lá? Ojoojúmọ́ ni mo ń gbabẹ̀ lọ síbi iṣẹ́. Mo rò pé orúkọ Haúsá ni.

TíṣàÀgbà

Òun náà ni. Arakan tó wà ní Àpápá náà, Bọ́mà ni. Myohaung ní Yábàá, Bọ́mà ni, oṣù Kìíní 1945 ni wọ́n gbà á.

Ẹ má bínú sí àwọn àgbà yín pé wọn ò sọ ọ́. "Wọn ò rí i" le ju ikú lọ, torí àwọn kan padà wá. Isaac Fadoyebo, ọmọ Emùré-Ilé lẹ́bàá Ọ̀wọ̀, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ló wọṣẹ́ ogun ní 1942, ìbọn bà á létí odò Kaladan ní Bọ́mà ní 1944, ará abúlé ibẹ̀ kan ló gbé òun àti ọmọ Sierra Leone kan pamọ́ fún oṣù mẹ́sàn-án. Ó padà wálé, ó dàgbà, 2012 ló kú. Ilé tó bá ti gbọ́ irú ìròyìn yẹn, báwo ni wọ́n ṣe máa ṣòkú ọmọ tiwọn?

Rìsíìtì owó orí yẹn ńkọ́? Látọjọ́ àkọ́kọ́ ni mo ti ń béèrè.

ỌmọÌkìrun

Ẹ má bínú sà, mo rò pé ti bàbá àgbà ni, mi ò tiẹ̀ ṣí wọn. Àárọ̀ yìí ni mo tó tẹ́ wọn sórí tábìlì. Mẹ́fà ni. 1946, 1947, 1948, 1949, 1950, 1951. Orúkọ bàbá kékeré ló wà lórí mẹ́fẹ̀ẹ̀fà.

Mo pe àbúrò mi pé kó gbé fóònù fún Ìyá Òkè. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ ni, bàbá àgbà ló ń san án, nínú owó rélùwéè, tiwọn àti tiẹ̀. Wọ́n ní kí àkódà má baà mú un lọ́jọ́ tó bá dé.